Adágún tí wọ́n rẹ láró, àti ohun tó ń fún omi ní àwọ̀

Nítòsí ìlú Buxton ní England, ihò ńlá kan wà tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun láyé ọjọ́un. Nígbà tí iṣẹ́ dópin, omi kún ihò náà, ó di adágún. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí àyìnrín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró, ó dùn ún wò, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Blue Lagoon. Tí ìgbà ooru bá dé, tọmọdé tàgbà a máa rọ́ lọ síbẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ àti láti ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, pátákó ìkìlọ̀ wà létí omi. Òkú ẹranko, ìgbẹ́ àti mọ́tò táwọn èèyàn jù nù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹfun sísun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti sọ omi náà di ohun tó ń jẹ èèyàn lára. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó ń jẹ ara bí omi eérú, omi mímu wà ní nǹkan bíi 7. Omi yìí wà ní 11.3. Amóníà tí wọ́n fi ń fọ ilé, 11.5 ni.

Ìkìlọ̀ náà kò wọ ẹnikẹ́ni létí. Ní 2013, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ wá dá ọgbọ́n kan: wọ́n da aró dúdú sínú adágún náà. Omi tó ń pe èèyàn lánàá di dúdú kirikiri, gbogbo ẹni tó gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wá sì yíjú padà. Oró inú omi kò dín, kò sì lé. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà.

Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbàkigbà tí fọ́tò adágún aláwọ̀ píǹkì tàbí fídíò "odò ti di ẹ̀jẹ̀" bá wọ orí WhatsApp mi, tí ohùn kan á sì máa ké lábẹ́ rẹ̀ pé òpin ayé ti dé. Àwọ̀ omi ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ń sọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá pàdé nígbà tó wọ inú omi: òkúta lílọ̀ ni, ewé jíjẹrà ni, irin ni, àbí ohun abẹ̀mí tójú lásán kò lè rí. Nígbà míì, ó lè sọ ìlú tí omi ti wá àti oṣù tó gbéra. Ohun tí àwọ̀ kì í sábà sọ ni èyí táwa gan-an fẹ́ gbọ́, ìyẹn bóyá omi náà ṣeé mu.

Omi fúnra rẹ̀ ní àwọ̀

"Omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé nìyẹn, a sì há a sórí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n inú ife ni ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́. Omi ní àwọ̀ aró díẹ̀, ó kàn fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó gbọ́dọ̀ jìn kí ojú tó rí i.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dà bíi funfun lójú wa, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló kó sínú. Bó bá ti wọ inú omi, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àwọ̀ náà mì lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa ló sì ń kọ́kọ́ gbé mì. Àwọn tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun mọ èyí dáadáa: bí nǹkan bá gé wọn lọ́wọ́ ní bíi 20 mítà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kì í pupa lójú wọn, torí ìmọ́lẹ̀ pupa kò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọ̀ aró ló ń pẹ́ jù lọ nínú omi, òun náà ló sì ń rìn jìnnà tó láti rí ọ̀nà padà sókè wá sí ojú wa.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ti rí irú rẹ̀ rí. Aṣọ tó bá wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan péré, àyìnrín ló máa jáde. Tí wọ́n bá tún rẹ ẹ́, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún rẹ ẹ́, á máa ṣú lọ títí á fi dúdú. Bí omi ṣe ń ṣe ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Mítà kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí aṣọ bá wọ aró lẹ́ẹ̀kan. Nínú abọ́, kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Létí adágún, ó di àyìnrín. Láàárín ibi tó jìn, ó di aró gidi. Wọ́n máa ń ki Òṣogbo pé "ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun." Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti wo òkun dáadáa ju ìwé sáyẹ́ǹsì wa lọ.

Ojú ọ̀run ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi kàn ń yá àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ sánmà ni. Lord Rayleigh, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó lókìkí jù ní England nígbà ayé rẹ̀, gan-an sọ bẹ́ẹ̀ nípa òkun. Ní 1921, C. V. Raman, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Calcutta ní Íńdíà, wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìrìn àjò lọ sí England. Nígbà tí wọ́n dé orí òkun Mẹditaréníà, àwọ̀ aró ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú débi pé kò lè fi í sílẹ̀. Ó ní gíláàsì kékeré kan lọ́wọ́ tó lè pa dídán ojú omi rẹ́, kí ohun tó ń bọ̀ láti inú omi nìkan wá ṣẹ́ kù. Bí ọ̀rọ̀ sánmà bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí àwọ̀ aró náà pòórá. Kò pòórá o, ńṣe ló tún jinlẹ̀ sí i. Raman bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn náà lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tú ká ló fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930.

Kò túmọ̀ sí pé sánmà kò ní ipa kankan. Ojú omi jẹ́ dígí lápá kan. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá ṣú bolẹ̀, adágún tó ń dán lánàá á rí bí eérú. Ẹ kàn dúró lórí afárá kí ẹ wolẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ sínú omi dípò kí ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí i bí dígí náà ṣe ń ṣí.

Ibi tí àwọ̀ omi fúnra rẹ̀ ti hàn jù ni ibi tí nǹkan mìíràn kò sí nínú rẹ̀. Crater Lake ní ìpínlẹ̀ Oregon, l'Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan. Òkè oníná kan ló wó sínú ara rẹ̀ ní nǹkan bíi 7,700 ọdún sẹ́yìn, adágún tó wà nínú ihò tó fi sílẹ̀ sì jìn tó 594 mítà. Kò sí odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, òjò àti yìnyín nìkan ló kún un. Kò sí ẹrọ̀fọ̀, kò sí ajílẹ̀ oko ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú bí ẹtù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán.

Odò Ọya àti ìkún omi rẹ̀ méjì

Kí n tó lọ síbi tí adágún tiwa ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ èdè kan. Yorùbá àtijọ́ pín àwọ̀ sí mẹ́ta gbòógì: funfun, pupa, dúdú. Aró wà lábẹ́ dúdú. Ewé tútù náà, dúdú ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé igbó dúdú. Àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ osùn, gbogbo wọn kó sábẹ́ pupa. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi, mẹ́ta yẹn ń ṣiṣẹ́. Omi dúdú ni omi tí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ tí kò tètè jáde. Omi funfun ni èyí tí nǹkan kún inú rẹ̀ tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà kó tó jìn. Omi pupa ni èyí tí ilẹ̀ tàbí irin ti bá lò.

Adágún Kainji, tí wọ́n fi ìdídò sé Odò Ọya láti dá sílẹ̀ ní 1968, ń gba ìkún omi méjì lọ́dọọdún, àwọ̀ ni wọ́n sì fi sọ àwọn méjèèjì lórúkọ: ìkún omi funfun àti ìkún omi dúdú.

Ti funfun ló ń kọ́kọ́ dé. Láti oṣù Kẹjọ, òjò àríwá Nàìjíríà á ti rọ̀ dáadáa, odò Sókótó àti àwọn odò mìíràn lápá ibẹ̀ á gbé amọ̀ àti ìyẹ̀pẹ̀ oko kún ara wọn, wọ́n á sì tú u sínú Odò Ọya. Adágún á wá rí bí omi àmàlà tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ ò ní rí ìka yín mọ́ kó tó dé ìgúnpá.

Ti dúdú ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni òjò rẹ̀ ti rọ̀, nígbà òjò kan náà. Dípò kí odò yìí gba ibi tó yá wọ òkun, torí orísun rẹ̀ kò jìnnà sí òkun Àtìláńtíìkì rárá, àríwá ìlà oòrùn ló kọjú sí, ó gba inú Málì lọ sí etí aṣálẹ̀. Ní àárín Málì, ilẹ̀ tẹ́jú, odò bá fọ́n ká di irà ńlá tó gbòòrò tó ìlú mélòó kan. Ibẹ̀ ni omi ti ń dẹ ẹsẹ̀ rìn. Omi tó bá sì dẹ ẹsẹ̀ rìn, ẹrù á máa já lọ́wọ́ rẹ̀: iyanrìn á kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ á tẹ̀ lé e, koríko irà á sì sẹ́ èyí tó kù. Oòrùn á fa ọ̀pọ̀ nínú omi náà gbẹ. Ìyókù tó jáde ní ìhà kejì ti mọ́. Á wá kọrí sí orílẹ̀-èdè Niger, á gba etí Benin wọ Nàìjíríà, ìgbà tí ó bá sì fi máa dé Kainji, oṣù Kọkànlá ti wọlé, ọyẹ́ ti ń fẹ́, àwọn odò mìíràn ti ń gbẹ. Ìkún omi dúdú yìí ló ń bá adágún náà lọ títí di bí oṣù Kẹta. Bí iná bá ń tàn níbikíbi nínú ẹ̀ẹ̀rùn láti ara ẹ̀rọ Kainji (mo sọ pé "bí"), òjò Gíní tó ti rìnrìn àjò oṣù mélòó kan wà lára ohun tó ń yí i.

Ẹ wò ó, adágún kan náà, ẹja kan náà, apẹja kan náà. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti ẹni tó yà á ní oṣù Kìíní lè jà pé ọ̀tọ̀ ni omi táwọn rí. Àwọ̀ funfun kò sọ pé adágún náà ṣàìsàn, ti dúdú kò sì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ìròyìn ọ̀nà tí omi gbà ni.

Wọ́n ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń wọn irú ìyàtọ̀ yìí, ó sì rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é nílé. Àwo pẹrẹsẹ funfun kan ni, tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú omi títí ojú kò fi rí i mọ́. Ìwọ̀n okùn tó wọlé ni ìwọ̀n bí omi ṣe mọ́ tó. Àlùfáà Kátólíìkì kan tó ń ka ìràwọ̀, Angelo Secchi, ló kọ́kọ́ dán an wò ní 1865 láti inú ọkọ̀ póòpù lórí Mẹditaréníà. Ó ti lé ní 150 ọdún, wọ́n ṣì ń lò ó. Ní Crater Lake, okùn yẹn lè wọlé kọjá 30 mítà.

Ọlọ yìnyín, àgbo irà

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí ní Kánádà á ti gba fọ́tò Lake Louise tàbí Moraine Lake rí, àwọn adágún Banff tí àwọ̀ wọn dà bíi pé ẹnì kan da ọ̀dà sí i. Ọlọ ló ṣe é. Lórí àwọn òkè ibẹ̀, yìnyín tó dì gbagidi, tó nípọn, tó wúwo, ń fà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lọ òkúta lábẹ́ ara rẹ̀ bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata. Ohun tó ń jáde kúnná ju èlùbọ́ lọ. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, á gbé ìyẹ̀fun òkúta yìí wọ inú adágún, ìyẹ̀fun náà á sì léfòó láàárín omi, kò ní tètè rọ̀ sílẹ̀. Omi ti gbé pupa mì, ìyẹ̀fun wá ń da àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé padà sójú wa, àpapọ̀ wọn ló di àwọ̀ tó dà bí iyùn aláwọ̀ omi yẹn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kí ìgbà ooru tó wọlé dáadáa kò ní bá a bẹ́ẹ̀, torí yìnyín òkè kò tíì yọ́ tó.

Kí ló wá dé tí amọ̀ Sókótó kò ṣe Kainji bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ wa pupa. Irin tó dógùn-ún sínú ilẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa, irin náà sì ni ọ̀tá àwọ̀ aró: gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì. Ìyẹ̀fun òkúta Kánádà kò ní irú irin bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Omi kan tún wà tí kò ní ẹrọ̀fọ̀ rárá, síbẹ̀ tó dúdú. Ẹ wo odò inú igbó irà, níbi tí igi ọ̀pẹ ògùrọ̀ ti bo ilẹ̀ lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, níbi tí àwọn odò kéékèèké ti ń wọ ọ̀sà. Bu omi náà sínú ìgò, á rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àgbo ni. Ewé àti èèpo igi ló wà nínú omi títí àwọ̀ wọn fi jáde, bí tìyá àgbà ṣe ń ṣe é nínú ìkòkò. Irú omi yìí ló pọ̀ nínú Rio Negro ní Brazil, tó ń bá odò Solimões tó kún fún ẹrọ̀fọ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìlú Manaus fún bíi kìlómítà mẹ́fà, tí wọn kì í pò mọ́ra.

Àwọn adágún Sweden, Norway àti Finland náà ń rí bí àgbo sí i láti bí ogójì ọdún wá, ìdí rẹ̀ sì lè ya èèyàn lẹ́nu. Lára rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ wọn ti mọ́. Láyé tí èéfín ilé iṣẹ́ ń sọ òjò Yúróòpù di kíkan, ásíìdì inú òjò yẹn kò jẹ́ kí àwọ̀ ewé jíjẹrà tètè yọ́ kúrò nínú ilẹ̀. Wọ́n ṣòfin, èéfín dín kù, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgbo rẹ̀ sínú omi padà. Ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan á sọ pé wọ́n ti ba omi jẹ́.

Nígbà tí omi bá dà bí ewédú

Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde tí wọ́n ti fi fọ́tò sátẹ́láìtì tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, èyí tí wọ́n yà láàárín 2013 sí 2020, wo àwọ̀ 85,360 adágún kárí ayé. Adágún aláwọ̀ aró kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù, àwọ̀ ewé ni wọ́n, tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn aláwọ̀ aró náà sì wọ́pọ̀ níbi tó tutù, tí òjò ti pọ̀, tí adágún ti jìn. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé díẹ̀ nínú wọn á kúrò ní àwọ̀ aró.

Ohun tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí wọ́n ń pè ní álígì, ìdílé ohun tó ń yọ̀ lára ògiri kànga àti nínú àgbá omi tí wọn kò fọ̀. Wọ́n nílò ìmọ́lẹ̀, ooru àti oúnjẹ. Ajílẹ̀ oko, ìgbẹ́ màlúù àti omi ilé ìgbẹ̀ ni oúnjẹ wọn.

Lough Neagh ní Northern Ireland ni àpẹẹrẹ tó ń lọ lọ́wọ́. Òun ni adágún tó fẹ̀ jù ní gbogbo Britain àti Ireland, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá omi mímu Northern Ireland sì ti ibẹ̀ wá. Nígbà ooru 2023, ojú omi náà nípọn, ó ń yọ̀, àfi bíi pé wọ́n da ewédú lé e lórí. Èyí tó bò ó kì í tilẹ̀ ṣe álígì gidi, bakitéríà kan tó ń ṣe bí álígì ni, oríṣi kan nínú wọn sì ń tú májèlé tó lè pa ajá. Ó tún padà wá ní 2024 àti 2025. Ajílẹ̀ oko àti omi ìdọ̀tí ìlú tó ti ń ṣàn wọ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni olórí ẹ̀sùn, ooru sì dá kún un. Àmọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kẹta kan wà níbẹ̀ tí kò jọ ẹlẹ́ṣẹ̀: irú ìṣáwùrú àjèjì kan, zebra mussel, tó wọ adágún náà láti bíi 2005. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sẹ́ omi. Ó sẹ́ ẹ, omi mọ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá ráyè wọlé jìn, ohun aláwọ̀ ewé yẹn sì rí ìmọ́lẹ̀ jẹ.

Epo pupa nínú iyọ̀, irin nínú ọ̀gbun

Píǹkì ni ẹ fẹ́ gbọ́, mo mọ̀. Adágún Retba, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ló gbajúmọ̀ jù ní ìhà tiwa. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti òkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó ń wa iyọ̀ níbẹ̀ a sì máa fi òrí para gìdìgìdì kí wọ́n tó wọ inú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ wọn á bó. Ẹja lásán kò lè gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀. Álígì kan tó ń jẹ́ Dunaliella salina lè gbé e, ọgbọ́n tó sì ń dá ni pé ó ń pèsè bẹta-karotíìnì láti fi bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ohun kan náà yẹn ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, òun náà ló sì wà lára ohun tó ń mú epo pupa pupa. Nítorí náà nígbà tí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ sọ fún un pé ìbátan epo ni.

Ní 2022 ni Retba pàdánù àwọ̀ yìí. Omíyalé gba àwọn àdúgbò ìgbèríko Dakar, wọ́n darí omi náà kúrò nínú ilé àwọn èèyàn, adágún ló sì gbà á. Iyọ̀ já, ohun tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ráyè, òkìtì iyọ̀ táwọn èèyàn ti wà jọ sí etí omi yọ́ lọ. Iṣẹ́ dúró, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kò wá mọ́. Ó di 2025 kí ìròyìn tó jáde pé píǹkì náà ti ń padà.

Adágún Nyos ní Kamẹrúùnù tún ṣe tirẹ̀ lọ́nà tó burú. Òkè oníná ló gbẹ́ ihò rẹ̀, ó jìn ju 200 mítà lọ, àwọ̀ aró ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1986, carbon dioxide tó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí a ń mí lọ, ó bá rọ́ lulẹ̀ gba àfonífojì lọ sí àwọn abúlé. Èèyàn tó lé ní 1,700 kú, ọ̀pọ̀ lórí ẹní wọn, ẹran ọ̀sìn wọn náà kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, adágún náà ti pupa bí irin tó dógùn-ún, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Irin pọ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, irin náà yọ́ sínú omi, kò ní àwọ̀ kan tí èèyàn lè tọ́ka sí. Afẹ́fẹ́ tó rú jáde fa omi ìsàlẹ̀ náà wá sókè, ó pàdé afẹ́fẹ́ ayé, ó dógùn-ún lójú ẹsẹ̀. Pupa yẹn kọ́ ló pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó pa wọ́n kò ní àwọ̀ rárá.

Ìkòkò aró Ọ̀ṣun

Ọ̀ṣun kì í ṣe adágún, ṣùgbọ́n n kò lè kọ nípa àwọ̀ omi kí n yọ ọ́ sílẹ̀. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé nígbà tí Lároóyè àti Tìmẹ́hìn dé etí odò náà, tí wọ́n ń gé igi láti tẹ̀dó, igi ńlá kan wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé: "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ Òṣogbo yọ. UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun sára ogún àjogúnbá ayé ní 2005.

Ẹni tó bá lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti rí i pé omi náà ti pupa bí omi ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Wíwa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà, ní òkè odò, ló fà á: wọ́n ń tú etí odò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fọ ìyẹ̀pẹ̀ náà nínú odò kan náà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀. Irin ilẹ̀ pupa ni ojú ń rí. Ìkìlọ̀ ti jáde pé kí àwọn olùjọ́sìn má mu ún, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì gbé relé.

Bí wíwa náà bá dúró, pupa yẹn á lọ. Ẹrọ̀fọ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ nínú irà Málì, kò sì ní gba ọdún púpọ̀ kí odò tó mọ́ lójú. Òjé àti mákúrì, àwọn èèlò tó máa ń bá wíwa góòlù rìn, kì í yí àwọ̀ omi padà ní ìwọ̀n tó lè ṣe ọmọ kékeré ní jàǹbá. Wọ́n lè bá ẹrọ̀fọ̀ náà rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì dúró síbẹ̀, tàbí kí wọ́n wọ inú ẹja. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yẹ Ọ̀ṣun wò kò fi lè fi ojú wo omi nìkan: ìgò omi kan ni, ìdì ẹrọ̀fọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ odò, àti ẹja, kí gbogbo rẹ̀ jọ lọ sí ilé àyẹ̀wò.